Ibi Tí Owó Ìlú Ti Ń Jò: Iṣẹ́ William Proxmire Nílé Aṣòfin Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 1968, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ A. Ernest Fitzgerald jókòó síwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ní Washington. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ogun òfurufú Amẹ́ríkà ni pé kó máa yẹ iye tí wọ́n ń ná lórí ohun ìjà wò. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ kó lọ jẹ́rìí. Nígbà tó sì di dandan pé kó lọ, wọn kò jẹ́ kó mú ọ̀rọ̀ tó ti kọ sílẹ̀ dání. Sẹ́nétọ̀ tó wà lórí àga alága bi í léèrè bóyá òótọ́ ni pé C-5A, ọkọ̀ òfurufú akẹ́rù ńlá tí iléeṣẹ́ Lockheed ń ṣe fún ìjọba, yóò ju iye tí wọ́n dá lé e lọ ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Fitzgerald kò sẹ́. Ó ní iye yẹn lè má jìnnà sí òótọ́.

Alága tó bi í léèrè ni William Proxmire, sẹ́nétọ̀ láti ìpínlẹ̀ Wisconsin. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti du ipò gómìnà ìpínlẹ̀ náà láàárín ọdún 1952 sí 1956, ó sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí Sẹ́nétọ̀ Joseph McCarthy kú ní 1957, Proxmire díje fún àga tó fi sílẹ̀, ó wọlé, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1989. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ lónìí, ẹ̀bùn ẹ̀gàn tó máa ń fún àwọn iléeṣẹ́ ìjọba lóṣooṣù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Ní tèmi, ohun tó ṣe lọ́jọ́ tí Fitzgerald jókòó síwájú rẹ̀ ju ẹ̀bùn náà lọ fíìfíì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí aṣòfin ṣe ń dáàbò bo owó ìlú, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí owó ń gbà jáde. Ààrẹ ló ń gbé àbá ìṣúná wá, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ kan kò lè kúrò nínú àpò ìjọba àfi tí àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Òfin kan máa ń fún iléeṣẹ́ ìjọba láṣẹ láti ṣe iṣẹ́. Òfin mìíràn ló máa gbé owó kalẹ̀ fún un. Inú àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké ni wọ́n ti ń dín in, tí wọ́n ti ń fi kún un, kó tó dé iwájú gbogbo ilé. Nígbà tó bá máa fi dé ibẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan ló ti wà nínú ìwé kan ṣoṣo: owó oṣù àwọn ọmọ-ogun, owó ìwòsàn àwọn tó ti jagun rí, owó afárá, owó ìwádìí. Aṣòfin tó bá dìde lọ́jọ́ yẹn tó ní òun kò fara mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ ló kọ̀ pa pọ̀, èyí tó wúlò àti èyí tó jẹ́ ìnákúnàá. Orúkọ rẹ̀ á wọ àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ̀, àwọn tó dìbò fún un á pàtẹ́wọ́, owó á sì jáde bó ṣe wà. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé kíka iye ìgbà tí aṣòfin sọ pé rárá tó láti fi mọ ẹni tó ń ṣọ́ owó ìlú. Iṣẹ́ gan-an ti wà nílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìdìbò, nínú yàrá tí kò sí oníròyìn púpọ̀, lórí ìwé àdéhùn tó nípọn tó sì ń sú ènìyàn láti kà.

Ìgbìmọ̀ tí Proxmire fi pe Fitzgerald kò tilẹ̀ láṣẹ láti fún ẹnikẹ́ni lówó tàbí láti gbà á padà. Ìgbìmọ̀ kékeré ni, lábẹ́ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ àwọn aṣòfin lórí ọrọ̀ ajé. Gbogbo agbára tó ní kò ju kó pe ènìyàn, kó bi í léèrè, kó sì tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí owó ológun ló láṣẹ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní bárékè ológun tàbí iléeṣẹ́ ohun ìjà ní àgbègbè wọn. Kò yá wọn lára láti béèrè.

Báwo ni owó C-5A ṣe wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ní 1965, Lockheed, Boeing àti Douglas ló jọ du iṣẹ́ náà, Lockheed sì gbà á torí pé iye tirẹ̀ ló kéré jù. Ètò tuntun ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ náà jáde: kí agbaṣẹ́ṣe dá iye owó lé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí àwòrán títí dé orí ọkọ̀ tó bá jáde kẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni tó tíì so irin kan mọ́ irin. Ààbò fún ìjọba ni wọ́n pè é. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn náà tó ba gbogbo ààbò ọ̀hún jẹ́. Wọ́n pín àwọn ọkọ̀ náà sí ọ̀wọ́ méjì, wọ́n sì fi ìṣirò kan sí i pé bí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ bá ju iye tí wọ́n dá lé e lọ, iye ọ̀wọ́ kejì yóò gòkè tẹ̀lé e. Ó dà bí kí bíríkìlà sọ fún onílé pé bí ilé ìsàlẹ̀ bá gba owó ju bí a ṣe sọ lọ, kí ó mọ̀ pé ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òkè náà ti wọ́n sí i nìyẹn. Kí ló máa wá mú bíríkìlà bẹ́ẹ̀ ṣọ́ sìmẹ́ńtì lò? Ẹni tó bá ka àdéhùn náà lẹ́ẹ̀kan kò ní fura, torí àárín ìṣirò ló wà. Fitzgerald fura torí pé iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn. Aráyé sì gbọ́ torí pé aṣòfin kan jókòó tì í, tó fara balẹ̀ láti lóye ohun tó rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ C-5A kò ṣeé bò mọ́lẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti ń retí. 81 ni ìjọba rà nígbẹ̀yìn. Apá àwọn ọkọ̀ ọ̀hún kò sì lágbára tó, débi pé wọ́n tún ní láti náwó ṣe apá tuntun fún wọn ní àwọn ọdún 1980. Proxmire kó ohun tó rí nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyẹn jọ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1970, *Report from Wasteland*.

Bí ìgbìmọ̀ rẹ̀ ṣe lè fi ìbéèrè nìkan ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dúró lórí ìdìbò. Ọdún 1963 ni Ààrẹ Kennedy kéde pé Amẹ́ríkà yóò ṣe ọkọ̀ òfurufú èrò tí yóò máa sáré ju ìró lọ, láti bá Concorde tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń ṣe figẹ̀ wọngẹ̀. Boeing ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ìjọba ló sì fẹ́ ru èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Ìbéèrè Proxmire rọrùn: bí ọkọ̀ náà yóò bá mówó wá lóòótọ́, kí ló dé tí àwọn ilé ìfowópamọ́ àti àwọn olówó kò fi owó tiwọn sí i? Kí ló kan asanwó-orí tí kò ní wọ̀ ọ́ láéláé? Ó gba ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gbọ́. Àwọn tó ń jà fún àyíká bá a ṣe é, nítorí ariwo ọkọ̀ náà àti ohun tó lè ṣe fún afẹ́fẹ́ òkè réré. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1971, sẹ́nétọ̀ 51 kọ̀ láti fún un lówó mọ́, 46 sì fẹ́ kó máa lọ. Àwọn sẹ́nétọ̀ méjèèjì láti ìpínlẹ̀ Washington, Magnuson àti Jackson, jà fún un tẹ̀mítẹ̀mí, nítorí Seattle ni Boeing wà. Ẹ wo ohun tó gbẹ̀yìn Concorde fúnra rẹ̀: Air France àti British Airways nìkan ló fi 14 péré gbé èrò, wọ́n sì pa á tì ní 2003.

Proxmire kò borí nígbà gbogbo. Lọ́dún 1971 kan náà, Lockheed wá sọ pé òun fẹ́ wó. C-5A ti kó o sí wàhálà, iléeṣẹ́ Rolls-Royce tó ń ṣe ẹ̀ńjìnnì fún ọkọ̀ èrò rẹ̀ tuntun náà sì ti wọ gbèsè. Wọ́n ní kí ìjọba ṣe onídùúró fún un, kí ó lè yá $250 mílíọ̀nù ní báǹkì. Proxmire takò ó títí dé ìparí, ó sì fìdí rẹmi pẹ̀lú ìbò kan ṣoṣo: 49 sí 48. Ó tọ́ kí n sọ pé Lockheed san owó náà padà, ìjọba kò pàdánù, ó tilẹ̀ rí owó onídùúró gbà. Ohun tó ń ba Proxmire lẹ́rù ju owó yẹn lọ. Ó rí i pé agbaṣẹ́ṣe tó bá tóbi tó yóò mọ̀ láti ọjọ́ náà lọ pé ìjọba kò ní jẹ́ kí òun ṣubú. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Chrysler, iléeṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, wá tọrọ irú onídùúró bẹ́ẹ̀ fún bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Proxmire ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ báǹkì nígbà náà, ó tún takò ó, wọ́n tún fún un.

Oṣù kẹta ọdún 1975 ni ẹ̀bùn ẹ̀gàn náà bẹ̀rẹ̀. Golden Fleece ló pè é, ó sì ń yọ iléeṣẹ́ ìjọba kan jáde lóṣooṣù tó bá rò pé ó fi owó ìlú ṣòfò jù lọ. Àkọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń fi owó ran ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́, torí $84,000 tó fún àwọn tó ń ṣèwádìí ohun tó ń mú kí ènìyàn kó sínú ìfẹ́. Àwọn ọmọ-ogun gba tiwọn nígbà tí wọ́n ná $6,000 lórí ìwé olójú-ewé 17 tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ra ọbẹ̀ inú ìgò kan. Ní 1981, ó fún iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé ní tirẹ̀ nítorí $200,000 tó fi sí kíkọ́ àwòkọ odi ńlá ilẹ̀ Ṣáínà sí ìlú Bedford ní Indiana. Kó tó fẹ̀yìn tì, ó ti pín 168. Àwọn ìwé ìròyìn ń retí rẹ̀ lóṣooṣù, torí ó yé ẹni tó kàwé àti ẹni tí kò kà.

Agbára ẹ̀bùn náà nìyẹn, àbùkù rẹ̀ náà sì nìyẹn. Ohun tó bá rọrùn láti fi rẹ́rìn-ín ni ojú máa ń lọ sí. Mo ṣírò rẹ̀: bílíọ̀nù 2 dọ́là tí C-5A fi lé yóò sanwó fún irú ìwádìí ìfẹ́ ti $84,000 yẹn nígbà tó lé ní 23,000. Síbẹ̀, ìwádìí ìfẹ́ ni gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Ìṣirò àdéhùn ọ̀wọ́ méjì kò lè di ẹ̀rín, nítorí náà ó ṣòro kó di ìròyìn. Aṣòfin tó bá jẹ́ pé ẹ̀rín nìkan ló fi ń ṣọ́ owó, ibi tí owó kéré sí ni yóò máa ṣọ́.

Ẹ̀bùn náà sì pa àwọn kan lára. Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, Proxmire fún àwọn àjọ ìjọba mẹ́ta, NASA, àjọ tó ń rí sí ìrìn-àjò gbalasa òfurufú, wà nínú wọn, ní Golden Fleece torí nǹkan bíi $500,000 tí wọ́n ti ná sórí iṣẹ́ Ronald Hutchinson, onímọ̀ ìhùwàsí kan ní Kalamazoo, ìpínlẹ̀ Michigan. Hutchinson ń wo bí àwọn ọ̀bọ ṣe ń fi eyín dí eyín nígbà tí ìbínú bá dé, kí wọ́n lè mọ bí ènìyàn yóò ṣe ṣe nígbà tí wàhálà bá ká a mọ́ ibi tó há, bíi inú ọkọ̀ gbalasa òfurufú tàbí abẹ́ òkun. Hutchinson pe sẹ́nétọ̀ náà lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n pe aṣòfin lẹ́jọ́ nítorí ohun tó sọ nínú ilé aṣòfin, Proxmire sì rọ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1979, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kò gbà fún un, adájọ́ 8 sí 1: ohun tó sọ nínú ilé ni òfin bò, kò bo ìwé ìròyìn tó fi ránṣẹ́ sí nǹkan bí 100,000 ènìyàn. Wọ́n yanjú rẹ̀ níta ilé ẹjọ́. Proxmire tọrọ àforíjì, ó sì san $10,000. Owó agbẹjọ́rò rẹ̀, tó lé ní $100,000, àpò ìjọba ló ti jáde.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ NASA kan tó ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹ̀dá kan wà ní ìràwọ̀ mìíràn. Proxmire fún un ní Golden Fleece ní 1978, nígbà tó sì di 1981 ó ti yọ owó rẹ̀ kúrò nínú ìṣúná pátápátá. Carl Sagan, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, lọ bá a, ó jókòó ṣàlàyé fún un. Proxmire gbọ́, ó jáwọ́, owó náà sì padà. Mo ka èyí kún iṣẹ́ rere rẹ̀. Sẹ́nétọ̀ tó lè gbọ́ àlàyé lẹ́yìn tó ti fi nǹkan ṣẹ̀sín níta gbangba kò wọ́pọ̀.

Ibi tí mi ò lè gbè é ni ọ̀rọ̀ wàrà. Wisconsin kún fún àgbẹ̀ tó ń sin màlúù nítorí wàrà, ìjọba àpapọ̀ sì ní ètò kan tó fi ń ra bọ́tà, wàràkàṣì àti wàrà oníyẹ̀fun tó bá ṣẹ́kù lọ́jà, kí iye rẹ̀ má bàa já wálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ètò yìí ń gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ́dún, iye kan náà tí C-5A fi lé, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni èyí. Wàràkàṣì kún ilé ìkẹ́rùsí ìjọba débi pé ní oṣù kejìlá 1981, Ààrẹ Reagan ní kí wọ́n pín 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn rẹ̀ fún àwọn aláìní. Proxmire, ẹni tó ń ṣọ́ owó gbogbo ayé, gbe ètò yìí lẹ́yìn, ó sì ń dìbò fún un. Ohun tí Magnuson àti Jackson ṣe fún Boeing ló ṣe fún àwọn àgbẹ̀ rẹ̀. Mi ò fi èyí fọ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ bí nǹkan ṣe rí: aṣòfin máa ń rí ìnákúnàá ìpínlẹ̀ ẹlòmíràn kedere, ti ilé rẹ̀ á sì máa jọ ohun tó yẹ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí agbára àtibéèrè wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní ìpín nínú ohun tí wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀, bí ìgbìmọ̀ tó pe Fitzgerald ṣe rí.

Ohun kan wà tó jẹ́ kí Proxmire lè béèrè ohun tí ẹlòmíràn kò lè béèrè: kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Nígbà ìdìbò 1976, kò ná tó $200. Ní 1982, $145.10 ni gbogbo ohun tó ná, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó sítáǹbù tó fi ń dá owó tí àwọn ènìyàn fi ránṣẹ́ sí i padà fún wọn. Ẹnu ọ̀nà pápá bọ́ọ̀lù àti ibi ìpàtẹ ìpínlẹ̀ ló máa ń dúró sí, tí yóò máa bọ àwọn ará Wisconsin lọ́wọ́. Ó wọlé lẹ́ẹ̀mejèèjì pẹ̀lú ìbò tó pọ̀ gan-an. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ kó dákẹ́ kò rí ibi tí yóò di í mú.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé, torí pé láti Amẹ́ríkà ni a ti yá irú ìjọba ààrẹ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1979. Abala 88 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbára láti ṣèwádìí kí wọ́n lè tú ìwà ìbàjẹ́, àìmọṣẹ́ṣe àti ìfowóṣòfò síta. Abala 128 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti àwọn yòókù, ní agbára kan náà. Abala 85 sì ní kí olùyẹ̀wò ìṣirò owó àgbà gbé ìròyìn rẹ̀ wá síwájú ilé, kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìṣirò owó ìlú yẹ̀ ẹ́ wò. Agbára tí Proxmire fi tú àṣírí C-5A wà lọ́wọ́ wọn lódindi. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi wọ́n tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò ni pé: ta ni ẹ pè, kí ni ẹ bi í, ibo ni ẹ tẹ ìdáhùn rẹ̀ sí?

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ lè dáhùn kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn tí Fitzgerald jẹ́rìí, wọ́n sọ fún un pé ààbò tó ní lórí iṣẹ́ rẹ̀ ti kúrò, pé kọ̀ǹpútà ló ṣe àṣìṣe tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ máa wo owó ilé eré ìdárayá àwọn ọmọ-ogun ní Thailand. Nígbà tí ọdún 1970 fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti pa ipò rẹ̀ rẹ́. Ó gba ẹjọ́ ọdún púpọ̀ kó tó rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà padà bó ṣe tọ́. Ó pe Nixon pàápàá, tó jẹ́ ààrẹ nígbà tí wọ́n pa ipò náà rẹ́, lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ ní 1982, adájọ́ 5 sí 4, pé ẹnikẹ́ni kò lè gba owó gbà-má-bìínú lọ́wọ́ ààrẹ nítorí ohun tó ṣe nípò ààrẹ.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ètò kan jáde tó ṣèlérí ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí gbà padà fún ẹni tó bá tú àṣírí rẹ̀. Ètò yẹn dára fún ẹni tó mọ ibi tí wọ́n rì owó mọ́. Fitzgerald kò mọ ibi tí wọ́n rì owó kankan mọ́. Ìṣirò ló ní, nípa owó tí ìjọba kò tíì ná tán, nínú àdéhùn tí gbogbo ẹni tó yẹ ti fọwọ́ sí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìdá kankan láti gbà nínú owó. Ohun tó nílò ni pé kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tó bá ti dá aṣòfin lóhùn.